Agbára Àpò

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta kò lè bójú tó ìwé kan fún ọdún márùn-ún láìkà á, ẹ bá mi bi onítọ̀hún bóyá ó ti dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga rí. Alápò ti débẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ọ̀tọ̀ ni ẹni tó kàwé, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń kàwé.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Alápò, torí kò sígbà tí wọn kì í bá àpò lọ́wọ́ rẹ̀. Háhá àgbàdo, èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń dà nù tàbí tí wọ́n ń dáná sun, ló ń sè, tó ń gún, tó ń tẹ́ sórí irin gbígbóná títí á fi fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá. Èyí ló ń lẹ̀ pọ̀ ṣe àpò. Bí wọ́n bá di ẹnu àpò náà dáadáa, atẹ́gùn ò ní ráyè wọlé, kòkòrò tó bá wà nínú àgbàdo á sì kú síbẹ̀ láìlo oògùn. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ò le. Àgbẹ̀ ń ta àgbàdo lọ́pọ̀ nígbà ìkórè torí ó mọ̀ pé bí òun bá pa á mọ́, kòkòrò á jẹ ẹ́. Àwọn tó ń rà á náà mọ̀. Wọ́n á gbé mọ́tò wọn wá sẹ́bàá oko, wọ́n á káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á dá iye tó wù wọ́n lé e. Bí àgbẹ̀ bá wá ní àpò tó lè pa àgbàdo mọ́ títí dìgbà tó bá wọ́n, òun náà á lè káwọ́ sẹ́yìn.

Iṣẹ́ yìí ló fẹ́ fi kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé. Ọ̀rọ̀ oko wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣèlú àti ọrọ̀-ajé wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ohun èlò náà wà níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ní kò burú, àmọ́ àwọn ò ní ẹnì kan ṣoṣo tó mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ni wọ́n bá fún un ní alábòójútó mẹ́ta. Ẹni tó bá ní ọ̀gá kan mọ ìyà. Ẹni tó ní mẹ́ta, ẹ jẹ́ ká máa kí i.

Àkọ́kọ́ ni Fà-á-ya, ọ̀jọ̀gbọ́n ohun èlò, tó ní ẹ̀rọ kan tó ń fa nǹkan títí á fi ya. Ó ti fa ọ̀rá ya, ó ti fa okùn ya, ó ti fa awọ ya, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń sọ pé ó ti fa sùúrù ìyàwó rẹ̀ náà ya. Èkejì ni Ìyá Irúgbìn, ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ ọ̀gbìn, tó jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà ni oko rẹ̀ wà láti ìgbà tó ti ra bàtà funfun. Ẹ̀kẹta ni Ta-ló-ń-jèrè, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣèlú àti ọrọ̀-ajé. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. Bí o bá sọ fún un pé òjò ń bọ̀, á fọwọ́ pa irùngbọ̀n, á ní, “Ta ló ń jèrè ẹ̀?”

Olúkúlùkù wọn ń ka ojú ìwé tó kàn án, á sì gbà pé àwọn méjì yòókù ti ka èyí tó kù. Bí wọ́n bá pàdé lọ́nà, wọ́n á mi orí síra wọn bí ẹni tó jọ mọ àṣírí kan. Àṣírí náà kò sì ju pé kò sẹ́ni tó kà á lọ.

Àkọlé ìwé náà ni “Agbára Àpò Lọ́wọ́ Àgbẹ̀.” Ibẹ̀ ni wàhálà fara pa mọ́ sí. Létí Fà-á-ya, agbára àpò ni bí àpò ṣe yi tó, ibi tí ẹ̀rọ lè fà á dé kó tó ya. Létí Ta-ló-ń-jèrè, àpò ni ibi tí owó ń wọ̀ sí. Ẹni tí àpò rẹ̀ kún ló lágbára, ẹni tí àpò rẹ̀ gbẹ kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ní ti Ìyá Irúgbìn, ó gbà pé háhá tó bo ọmọ àgbàdo lára lóko ni wọ́n ń pè ní àpò, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ òun ń wá irú àgbàdo tí háhá rẹ̀ nípọn. Ọdún márùn-ún gbáko ni wọ́n fi ń buwọ́ lu àkọlé kan tó jẹ́ àkọlé mẹ́ta.

Alápò mọ̀. Láti ọdún kejì ló ti mọ̀, ó sì panu mọ́. Bí oníbodè mẹ́ta bá ṣílẹ̀kùn fún èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ta ló máa dúró bi wọ́n pé ta ni wọ́n pe òun?

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nínú ìwé tiwa yìí, ohun tó wà nínú ẹ̀fà gan-an ni wọn ò rí. Ní orí kẹfà, Alápò kọ bí òun ṣe kó àwọn àpò náà lọ fún àwọn àgbẹ̀ ní abúlé kan. Ìyá opó kan wà láàárín wọn tó gbà á gbọ́ ju gbogbo wọn lọ. Gbogbo ìkórè rẹ̀ ló kó sínú àpò, ó sì lé àwọn oníbàárà padà pẹ̀lú èébú. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àgbàdo náà dára bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́ ẹ. Àmọ́ nígbà tí òjò dé, háhá rántí pé háhá lòun. Ọ̀rinrin mú ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó rọ̀, atẹ́gùn wọlé, kòkòrò tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú àpò náà, ìyẹ̀fun ló ń dà sílẹ̀. Ìyá náà kò bú Alápò. Ó kàn wo ilẹ̀, ó ní, “Ìwọ lo ní kí n má tà á.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó wá rí i pé inú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí tọ̀sán-tòru ni Fà-á-ya ti ń fa àpò rẹ̀, níbi tí òjò ò rọ̀ rí, tí ọ̀rinrin ò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìfi bò. Ó ní àpò náà kò tíì dára, kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni títí wọ́n á fi rí ojútùú sí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Ó gbé orí náà lọ bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fà-á-ya ní ọ̀rọ̀ abúlé nìyẹn, kó gbé e fún Ìyá Irúgbìn. Ìyá Irúgbìn ní ọ̀rọ̀ pé nǹkan rọ̀ tàbí ó le, ti Fà-á-ya ni. Ta-ló-ń-jèrè gbà á, ó dá a padà lọ́sẹ̀ kejì, ó ní, “Ó wọ̀ mí lọ́kàn gan-an ni.” Ojú ìwé méjì tó lẹ̀ mọ́ra látinú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣì lẹ̀ mọ́ra bó ṣe gbé e lọ.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Gẹ́gẹ́ bí òfin ilé-ẹ̀kọ́, ọdún Alápò ti pé pẹ̀lú rẹ̀. Bí kò bá yege lọ́jọ́ náà, ó lè jẹ́ pé ó di ó dìgbóṣe. Yàrá olùkọ́ kan ti wà nílẹ̀ tó ń dúró dè é, tábìlì àti àga ti wà nínú ẹ̀. Ọkọ rẹ̀, tó ń tún fíríìjì ṣe, ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó gbé ìyá rẹ̀ wá, àwọn méjèèjì sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta yàrá ìdánwò. Ìyá ọkọ ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ìyàwó ilé òun máa di dókítà. Ó ń rántí orúnkún tó ń dùn ún bó ṣe ń sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó láyà láti là á yé e.

Nínú yàrá, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Alága jẹ́ àgbàlagbà kan tí wọ́n pè wá láti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, tó ń tòògbé díẹ̀díẹ̀. Nígun yàrá, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù jókòó, ó gbé fáìlì lé itan. Alápò ò mọ̀ ọ́n rí.

Alápò sọ̀rọ̀ lórí ìwé rẹ̀ tán, wọ́n bi í ní ìbéèrè mélòó kan tí àwọn fúnra wọn ń dáhùn kó tó yanu. Ìgbà yẹn ni alága jí, ó ní, “Ẹ má bínú o. Àpò wo là ń sọ gan-an?”

“Àpò tí à ń kó nǹkan sí,” Fà-á-ya ní.

“Àpò owó,” Ta-ló-ń-jèrè ní.

“Háhá ni, sà,” Ìyá Irúgbìn ní.

Lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n sọ ọ́. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Lọ́jọ́ náà ṣá, inú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń run. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n wo àkọlé, wọ́n wo àjà. Ta-ló-ń-jèrè ló kọ́kọ́ rí ẹnu sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀yin náà ò rí i? A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ olójú mẹ́ta ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń sọ fún un pé kó lo ọ̀rọ̀ olójú mẹ́ta.”

“Ìwọ kẹ̀?” Fà-á-ya ní. “Nínú yàrá ẹ̀rọ mi la ti dá a lábàá.”

“Ẹ ṣeun o,” Ìyá Irúgbìn ní. “Ta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ háhá fún un?”

Báyìí ni ìtìjú di ìjà, tí ìjà di oríyìn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbà pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ò wọ́pọ̀ ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ náà. Alága, tí ebi ti ń pa, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yege. Fà-á-ya na ọwọ́ sí i, ó ní, “Ẹ kú oríire, Ọ̀mọ̀wé.”

Ká má parọ́, ó dùn mọ́ Alápò nínú. Ọ̀rọ̀ náà wọ ara rẹ̀ bí omi gbígbóná lọ́jọ́ òtútù. Ó ti fẹ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí ọkùnrin oníkóòtù dìde.

“Èmi ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó máa ṣe àpò yín jáde,” ó ní. “Ọ̀jọ̀gbọ́n ohun èlò ti fún wa ní èyí tí ẹ ṣe, ó yi gan-an ni. Ẹ kàn fọwọ́ síbí yìí ni. Kí ìkórè tó ń bọ̀ tó dé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ á ti ní in lọ́wọ́.”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Alápò. Ó wo Fà-á-ya, Fà-á-ya sì ń mi orí bíi bàbá ìyàwó. Bí Alápò bá fọwọ́ sí i, yàrá, tábìlì, àga, orúkọ, gbogbo rẹ̀ ti di tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀, torí ibi tí òtítọ́ wà, ibi tí ẹnikẹ́ni ò ní dé láé ni. Ó rò ó, ká sòótọ́. Ó gbé bírò. Ohùn ìyá opó yẹn kò sì kúrò létí rẹ̀. Ó dá bírò padà sórí tábìlì.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà,” ó bi Fà-á-ya, “kí ni mo sọ ní orí kẹfà?”

“Orí kẹfà? Ìyẹn ti Ìyá Irúgbìn.”

“Ti èmi kẹ̀? Ọ̀rọ̀ ọrọ̀-ajé ló wà níbẹ̀.”

“Rárá o,” Ta-ló-ń-jèrè ní. “Mo kà á, ó wọ̀ mí lọ́kàn, àmọ́ kì í ṣe tèmi.”

Wọ́n ń jù ú síra wọn bí ẹyín iná. Alápò ṣí ìwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Ó ka ti òjò, ó ka ti ọ̀rinrin, ó ka ti ìyẹ̀fun tó dà sílẹ̀, títí kan ibi tó ti ní kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́ẹ̀mejì ni Fà-á-ya wúkọ́, Alápò ń kà á lọ. Kó tó kà á tán, ọkùnrin oníkóòtù ti pa fáìlì rẹ̀ dé. Ó ní ẹ kú ìjókòó, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

“Ta ló fẹ́ mọ̀ pé kòkòrò jẹ ẹ́?” Ìyá Irúgbìn ní, inú ń bí i.

“Ẹni tó bá kà á, mà.”

Fà-á-ya tẹ̀ sí Alápò létí. “Ọ̀mọ̀wé, yọ orí yẹn kúrò. Àtúnṣe kékeré ni. Mo lè pe ọkùnrin yẹn padà báyìí.”

“Mi ò yọ ọ́, sà. Ẹ má sì pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́.”

Alága ti lajú pátápátá báyìí. Ó fa ìwé tó kọ “ó yege” sí mọ́ra, ó fa igi lé e, ó wá kọjú sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. “Ẹ̀yin àgbà,” ó ní, “ojú ń tì mí fún yín. Ẹ lọ ka ìwé ọmọ yìí tán kí ẹ tó ránṣẹ́ pè mí.” Ó yíjú sí Alápò, ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá ilé-ẹ̀kọ́ á fi ọdún kún ọdún rẹ̀, òun ò sì fẹ́ tàn án. Alápò dúpẹ́. Ó kó ìwé rẹ̀ jọ, omi sì gba ojú rẹ̀, torí ọdún márùn-ún kì í ṣe ọjọ́ márùn-ún.

Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, ọkọ rẹ̀ dìde. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó sì gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá ọkọ ni kò lè mú un mọ́ra.

“Ìyàwó mi,” ó ní, “ṣé wọ́n ti fún ọ ní dókítà náà?”

“Rárá, mà,” Alápò ní. “Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lọ ka ìwé náà ni.”