Abọ́ Mẹ́fà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́

Ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, Raliat ṣí ìkòkò ẹran, eegun ló bá níbẹ̀. Igẹ̀ àgbò tí Mubaraq ọkọ rẹ̀ ní kó fi pamọ́ fún Màmá Hajarat, ẹ̀gbọ́n bàbá Mubaraq tó ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, ti lọ.

Kì í ṣe olè ló gbé e. Ìyàwó tuntun ni Raliat, ìwà rere ló kó bá a. Ilé mẹ́fà ládùúgbò ló gbé abọ́ oúnjẹ ọdún wá fún un, ìyá rẹ̀ sì ti kọ́ ọ pé a kì í dá abọ́ padà lófìfo. Bí abọ́ ṣe ń wọlé ló ń bu ẹran sí i. Ohun tó kù kò ju ìrẹsì àná, mọ́ínmọ́ín díẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ọbẹ̀ ilé mẹ́fà lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Màmá máa jẹun ọwọ́ rẹ̀ sì nìyí. Ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má lọ sọ pé àpà ni Mubaraq fẹ́ sílé.

Mubaraq pè é lórí fóònù pé Màmá ti wọ mọ́tò ní Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́. Raliat bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Ó fi omi gbígbóná rin ìrẹsì, ó gún un títí ó fi lẹ̀ mọ́ra. Ó rún mọ́ínmọ́ín, ó já ẹran ara eegun wẹ́wẹ́, ó se ọbẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí ó fi ki. Kò da ọbẹ̀ onírú pọ̀ mọ́ èyí tí kò nírú. Ọbẹ̀ ilé kọ̀ọ̀kan ló dì sínú ìrẹsì tirẹ̀, ó yí i róbótó, ó sì dín in.

Màmá Hajarat dé, awakọ̀ fà wọ́n lọ́wọ́ wọlé. Ojú wọn ti fọ́ láti ọdún mẹ́rin, eékún wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n lè kí ilé kiri ládùúgbò yìí mọ́ bíi ti àtijọ́.

"Ìyàwó mi, igẹ̀ mi dà?"

Raliat kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Mo ti pín in tán."

Ó gbé àwo ohun tó dín síwájú Màmá. Wọ́n mú ọ̀kan nínú àwo, wọ́n gé e jẹ.

"Ilé Fọláhànmí," ni wọ́n wí. "Ìyá rẹ̀ náà kì í jẹ́ kí ata jinná." Wọ́n mú òmíràn. "Ilé Israfil. Wọ́n ṣì ń fi irú sí ata díndín."

Orí Raliat wú. Ilé tí ẹsẹ̀ Màmá kò tẹ̀ láti ọdún mẹ́rin, ẹnu wọn ń yà síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dárúkọ àwọn onílé, wọ́n ń kí wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Raliat ti rò pé àjẹkù lòun ń dín.

"Mẹ́fà nìyẹn," Màmá wí. "Ti ilé Abdulkareem ńkọ́?"

"Wọn ò gbé abọ́ wá, mà."

"Ṣé wọ́n pa ẹran?"

Raliat ronú. Kò sí àgbò kankan tí wọ́n so síwájú ilé yẹn lọ́dún yìí. Ojoojúmọ́ ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Gbogbo ẹni tó ní ẹran nílé ló ti bu ẹran fún. Ojú tì í gan-an.

Màmá ti àwo náà sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ó tó mi. Bu ìyókù lọ fún wọn báyìí. Kí wọ́n dá abọ́ náà padà lófìfo. Sọ pé èmi Hajarat ni mo ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀."