Apá Àgbò Sàlàhúdíìnì

Gbogbo ìgbà tí Àlàájà Bùsírátù, tó ń tajà ní Ìtòkú, bá bi Sàlàhúdíìnì ọmọ rẹ̀ lórí fóònù pé ìgbà wo ló ń bọ̀ wálé láti Kánádà, “soon” lọmọ máa ń sọ. Rodiat àbúrò rẹ̀, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, ní “láìpẹ́” ni, pé lẹ́nu àwọn Òyìnbó àtijọ́ pàápàá, “lójú ẹsẹ̀” ni. Èyí àtijọ́ nìyá dì mú. Ó yan apá àgbò Iléyá gbẹ, ó tọ́jú rẹ̀ dè é.

Iléyá mìíràn dé. Ìyá kó ẹran èṣí kúrò nínú agbọ̀n, ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ara Rodiat ò gbà á mọ́.

“Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká jẹ ẹ́ jàre! Ìgbà wo ló ń bọ̀ gan-an?”

Ìyá rọra da aṣọ bo agbọ̀n.

“Soon,” ló fi dá a lóhùn.