Igbà Orí Àjà

Lọ́dún 1956, rúlà mẹ́ta péré ni ohun èlò físíìsì tó wà nílé-ìwé Monínúọlá l'Ádó. Tíṣà Bámgbóyè ò torí ìyẹn jókòó sunkún. Ó fi igbà adẹ́mu, okùn tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ, so òkúta ńlá kan kọ́ igi òrùlé.

"Ẹ má jókòó bí àpò gààrí. Ẹ súnmọ́ ibí. Òkúta yìí ò ṣe nǹkan kan, àbí? Mo gbé e sókè báyìí, agbára ti wọ inú rẹ̀, ó sùn síbẹ̀. Mo jù ú sílẹ̀, agbára jí, ó di eré."

Òkúta fì lọ, ó fì bọ̀. Olúfúnṣọ́ tó wà níwájú tẹrí mọ́lẹ̀.

"Nàró, akọni. Kò lè ga ju ibi tí mo ti jù ú lọ. Ìbẹ̀rù tìrẹ nìkan ló ń ga sí i."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Monínúọlá ò rẹ́rìn-ín. Àjákù igbà kan wà nínú àpò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn ni igbà ọ̀hún já mọ́ bàbá rẹ̀ lórí ọ̀pẹ n'Ígèdè, tó ṣubú kú. Ajíbádé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ní ìyàwó olóògbé, ìyá Monínúọlá, ló fi ọ̀bẹ ha á. Kí òkú tó pé ọjọ́ mẹ́jọ, wọ́n ti lé obìnrin náà jáde. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹbí máa jókòó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni Monínúọlá ń wá: kí ẹni tó mọ̀wé sọ pé ọ̀bẹ ò kàn án.

Nígbà tí kíláàsì tú, ó gbé e fún Tíṣà.

"Ọ̀bẹ kọ́." Tíṣà tẹ̀ ẹ́, ó ṣẹ́ bí igi gbígbẹ. Ó gbóòórùn rẹ̀. "Èéfín. Òpònú wo ló gbé igbà sórí àjà òkè iná? Ìta ni igbà ń gbé, nínú ìrì, kó lè máa rọ̀. Bí adẹ́mu bá dúró jẹ́ẹ́, èyí lè gbé e. Ṣùgbọ́n tó bá ju ara sẹ́yìn lé e díẹ̀, bí òkúta yẹn ṣe ń fa okùn nígbà tó bá sáré dé ìsàlẹ̀…"

Ó rí ojú ọmọ náà.

Monínúọlá ni òpònú náà. Òjò ló pa igbà nígbà ìsinmi ilé-ìwé, ó sì ṣàánú bàbá rẹ̀, ó gbé e sórí àjà kó lè gbẹ. Ibà so Bàbá mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, igbà sì wà nínú èéfín. Àárọ̀ tí ara rẹ̀ yá, Monínúọlá fúnra rẹ̀ ló gbé igbà wá. Bàbá ní ó le díẹ̀, ó wọ́n omi sí i, ó súre fún un, ó lọ.

Ilé àbúrò ìyá rẹ̀ l'Ádó ló ti bá ìyá rẹ̀, ó ń bẹ iṣu.

"Ìyá, ẹ mọ̀."

Ìyá ò gbójú sókè. "Mo rí èédú èéfín lára igbà náà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e délé."

"Ẹ wá jẹ́ kí wọ́n máa pè yín ní ẹni tó pa ọkọ rẹ̀."

"Òkú kan ti tó fún ulé kan. Ju okùn yẹn síná."

Kò jù ú síná. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó wọ ọkọ̀ lọ s'Ígèdè. Ajíbádé àti àwọn àgbà ẹbí ti jókòó.

"Ìyá rẹ ló rán ọ?" Ajíbádé bi í.

"Rárá, Bàbá. Wọn ò mọ̀ pé mo wá." Ó kúnlẹ̀, ó gbé àjákù igbà lé e lórí itan. "Ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, kí n tó sọ̀rọ̀."