Iyọ̀ Ọjọ́ Jímọ̀

Ó ní kí n dín iyọ̀ kù. Èmi, Àdìjátù! Èmi tí mo ti ń gbé ìkòkò ka iná nínú agboolé yìí kí ìyá rẹ̀ tó lóyún rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì kan símẹ́ǹtì, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dín iyọ̀ inú ọbẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kù. Ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá Qaanitah ti ń ga jù." Mo ní mo gbọ́. Mo ní kó dìde, kó má lọ fi símẹ́ǹtì bó orúnkún. Ó dìde, ó dúpẹ́, ó lọ. Mo jókòó, inú ń bí mi bí ẹni tí wọ́n gbá létí níta gbangba.

Khairiyyah lorúkọ rẹ̀, ìyàwó Tawfiq, bàbá Qaanitah, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi jíǹkí mi. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Kò ya aláìgbọràn, ó ń kírun, ó mọ ọmọ tọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti wọlé ló ti ń gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi. Ó kọ́kọ́ kó o lọ sí ilé tí wọ́n rẹ́ǹtì ní Adéníji, bí ẹni pé yàrá ti tán nínú ilé bàbá rẹ̀ níbí, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Mo gbà. Aṣọ tí Tawfiq ń wọ̀, òun ló ń yàn án. Mo gbà. Ìgbà tí Tawfiq yóò sùn, ìgbà tí yóò jí, òun ló mọ̀ ọ́n. Mo gba ìyẹn náà. Ohun tó kù sí mi lọ́wọ́ kò ju ẹnu ọmọ mi lọ. Ẹnu yẹn, èmi ni mo ni ín.

Nínú agboolé wa, ọmọkùnrin tí ìyá rẹ̀ bá wà láyé, ilé ìyá ló ti ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀. Bàbá Tawfiq ṣe é, bàbá bàbá rẹ̀ ṣe é, ìyàwó kì í dá sí i. Bí Tawfiq bá ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Apọ́ngbọ̀n, níbi tó ti ń ta wáyà iná, tó sì kírun tán, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀ tààrà. Mo ti dín ata, epo ti léfòó. Ẹran àgùntàn wà níbẹ̀, panla wà níbẹ̀, ìrẹsì ń gbóná. Yóò tú bọ́tìnì ọrùn, yóò jókòó sórí ẹní, yóò jẹun títí òógùn yóò fi bò ó. Tó bá jẹ ẹ́ tán, yóò ní, "Ìyá, ti ẹnikẹ́ni ò dà bí tiyín." Ẹ ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń rí lára mi. Òun ni mo fi ń gbé ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Kí n wá dín iyọ̀ kù? Háà! Mo fi kún un ni. Ẹ gbọ́ ná, kẹ́ ẹ tó dá mi lẹ́bi. Ẹni tí wọn ò fún níyọ̀ láti Sátidé títí di Ọjọ́bọ̀, ta ni kó bá a wá a? Èyí tí ìyàwó rẹ̀ bá yọ láàárín ọ̀sẹ̀, èmi á dá a padà lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí mo bá bu ìkúnwọ́ kan, mo tún bu ìdajì lé e. Mo ní, jẹun, ọkọ mi, jẹ́ kí ara rẹ mọ̀ pé o ní ìyá.

Ìyàwó náà sì ń gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá kí mi nígbà mìíràn. Tẹ̀tẹ̀, ẹja tútù, epo tí kò tó èyí tí èèyàn ń fi pa ẹsẹ̀. Mo tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, mo gbé e fún Ìyábọ̀, ìyàwó ilé wa kan tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ìyábọ̀ jẹ ẹ́ tán, ó fọ abọ́ wá, ó ní, "Ìyá Tawfiq, oúnjẹ yìí mà dùn o! Ta ló sè é?" Mi ò bá Ìyábọ̀ sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ti Qaanitah tún wá burú jù. Ọmọ ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ mi! Mo bu ìrẹsì fún un, ó fi sẹ́nu, ó tutọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ìyá Àgbà, iyọ̀ ti pọ̀ jù." Iyọ̀ pọ̀ jù! Wọ́n ti ba ahọ́n ọmọ náà jẹ́. Mo wo Khairiyyah, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń fi ìbòrí bo ẹ̀rín.

Lọ́jọ́ yẹn náà ló wá bi mí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé, "Ìyá, ẹ má bínú o, ṣé kì í ṣe irú èyí ló ṣe Bàbá?" Tìjání ọkọ mi ló ń sọ. Tìjání tó jẹ́ pé abọ́ iyọ̀ kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí í wọ́n ọn sórí ọbẹ̀ kó tó tọ́ ọ wò. Rọpárọsẹ̀ ló ṣe é. Ọwọ́ ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ẹnu wọ́, èmi ni mo ń fi ṣíbí bọ́ ọ títí ó fi re'lé Ọlọ́run. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé ọwọ́ ayé ni, nítorí ọ̀rọ̀ ilé ẹbí tí wọ́n ń fà nígbà náà. Ọmọ àná wá fẹ́ sọ fún mi pé ìkòkò mi ni. Mo wò ó títí ó fi wolẹ̀.

Àfi ọjọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn náà. Tawfiq dé, ó kí mi, ó jókòó. Mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ó ti jẹ ẹ́ dé ìdajì nígbà tí ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọwọ́ mi kàn kú díẹ̀ ni, Ìyá." Ó mú ṣíbí, ó tún bọ́.

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Lórí ẹní tí a ń tẹ́ síbẹ̀ náà, lọ́jọ́ Jímọ̀ bí irú èyí, ẹran bọ́ lọ́wọ́ Tìjání. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe rẹ́rìn-ín, tó ní ọwọ́ òun kàn kú díẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo mú ẹran mìíràn, mo fi í sí i lẹ́nu. Oṣù yẹn ò tíì parí tó fi ṣubú.

Mo di àwo mú, mo fẹ́ gbé e kúrò. Tawfiq fi ọwọ́ òsì dì í mú.

"Ìyá, ẹ jẹ́ n jẹ ẹ́ tán."

"Gbé e sílẹ̀, Tawfiq."

"Tí mi ò bá jẹ ẹ́ tán, ẹ ó ní Khairi ló kọ́ mi. Inú yín á bàjẹ́ títí di Jímọ̀ tó ń bọ̀."

Mo ní, "Ṣé torí bẹ́ẹ̀ lo ṣe ń jẹ ẹ́ ni?"

Ó tún fi ọwọ́ òsì fa àwo náà mọ́ra. Ẹ má bínú, èèyàn ni mí: inú mi kọ́kọ́ dùn. Ọmọ mi ń jẹ májèlé nítorí mi, inú mi dùn! Ìgbà tí mo wo ọwọ́ tó dùbúlẹ̀ lórí itan rẹ̀ bí ọwọ́ ẹlòmíì ni ojú mi tó wálẹ̀.

Mo mú fóònù. Tí mo bá pe obìnrin yẹn, mo ti gbà pé òun ló gbọ́n. Mo fi fóònù sílẹ̀. Tawfiq fẹ́ dé bọ́tìnì ọrùn rẹ̀, ìka rẹ̀ ò rí i mú. Mo pe Khairiyyah.

Kò pẹ́ tó fi dé, ìbòrí rẹ̀ ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, máṣíìnì tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Ó wé e mọ́ apá ọkọ rẹ̀, ó wo nọ́ńbà tó gbé jáde, ó ní, "Lá ìláhà ìlla-Lláh." Ó wo àwo tó wà nílẹ̀. Ó kàn sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá mọ èsì tí mo máa fọ̀.

A gbé e wọ mọ́tò lọ sí ọsibítù. Ọwọ́ tó kú yẹn, Khairiyyah ló dì í mú láti ilé dé ibẹ̀. Èmi di báàgì mú.

Dókítà ní ara rẹ̀ ti ń padà, pé ìkìlọ̀ ni, ṣùgbọ́n èyí tí yóò tẹ̀ lé e kò ní kìlọ̀ mọ́. Ó bi wá pé kí ni wọ́n ń fún ọkùnrin yìí jẹ. Mo fi ọkàn sí i pé ó ti tán, ìyàwó rẹ̀ yóò tú mi fó lójú àlejò. Khairiyyah wolẹ̀, ó ní, "À ń gbìyànjú ni, sà." Inú tún bí mi sí i! Ta ló ní kó bò mí láṣìírí? Èmi Àdìjátù, tí ọmọ Ìjẹ̀bú ń bò láṣìírí.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo gba Ìga Ìdúngànràn kọjá, mo rìn títí mo fi dé Adéníji. Mo sọ fún Khairiyyah pé ibì kan ni mò ń lọ, mo kàn ní kí n yà wò wọ́n. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó fa àga fún mi sẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sebẹ̀. Kò kọ́ mi, kò jẹ́ dán an wò. Ó kàn ń sè é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè ríran. Àlùbọ́sà tó pọ̀, atalẹ̀, irú tó ti fi omi ṣan, ẹ̀fínrín díẹ̀, epo ṣíbí kan. Iyọ̀, ó fi ìka méjì mú un, ó jẹ́ kí n rí i, ó sọ ọ́ sínú ìkòkò.

Lọ́jọ́ kejì, èmi náà fi ìka méjì mú un. Mo bojú wẹ̀yìn bí ẹni tó ń jalè nínú ilé ìdáná ara rẹ̀. Panla, mi ò rà á. Ọ̀rá tó wà lára ẹran, mo gé e dànù.

Tawfiq dé. Ó jókòó sórí ẹní. Mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, mo wá jókòó, mò ń retí ọ̀rọ̀ mi. Ó bù ú, ó jẹ ẹ́, ó dánu dúró. Ó tún bù ú. Ó gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ìyá, ó mà dùn o! Ó dà bí ti Khairi."

Abọ́ iyọ̀ Tìjání ṣì wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn mi, kí n kàn na ọwọ́ ni. Ìkúnwọ́ kan péré, ọ̀rọ̀ mi á padà sí mi lọ́wọ́.

Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Jẹun, ọkọ mi."

Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń jẹ ẹ́. Mo ń wo ṣíbí náà bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, títí àwo fi mọ́. Kò bọ́.