Ewé Apẹja Ẹ̀yìn Ilé Bàbá

Lọ́jọ́ tí aránṣọ kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ kó ẹrù bàbá wọn tó ti dolóògbé kúrò nílé, aránṣọ náà bá igi ewé apẹja lẹ́yìn ilé ìdáná. Ó ti ga ju ògiri lọ, òdòdó funfun bò ó. Bàbá wọn, káfíńtà, ló gbìn ín. Á gún ewé rẹ̀, á pò ó mọ́ omi, á wọ́n ọn sára adìẹ kí kòkòrò má baà mu wọ́n lẹ́jẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wò ó! Ó ṣì wà!”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, rọra wọ́ orúnkún tó ń dùn ún dé ẹ̀yìn ilé. “Háà! Èyí tó fẹ́ẹ̀ kó bá wa yìí?”

Ẹ̀rín pa aránṣọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tọ́rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n jẹ́ méjìlá. Àwọn méjèèjì ló já ewé náà kún agbọ̀n, wọ́n gún un lórí òkúta, wọ́n dà á sódò. Kò pẹ́ tí ẹja fi bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó, tí wọ́n ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí. Wọ́n kó wọn kún bàsíà, wọ́n yan wọlé bí akọni.

Wọn ò mọ̀ pé odò yẹn ló ń wọ adágún bàbá arúgbó kan tó ń sin ẹja nísàlẹ̀. Kí ọjọ́ tó rọ̀, gbogbo ẹja rẹ̀ ti kú.

Bàbá wọn ò nà wọ́n. Ó kàn ní, “Ẹ wọ bàtà yín.” Nígbà tí wọ́n dọ́dọ̀ arúgbó náà, ó sọ fún un pé, “Bàbá, àwọn ọmọ mi ló ṣe é. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa tún un ṣe.”

Sátidé mẹ́rin gbáko! Wọ́n gbọ́n omi, wọ́n kó ẹrẹ̀, wọ́n da omi tuntun sí i, wọ́n tún ṣọgbà yí i ká. Bàbá tó jẹ́ pé ariwo ayùn nìkan ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó wà nílé, òun ló ká ṣòkòtò sókè, tó bọ́ sẹ́rẹ̀ pẹ̀lú wọn, tó ń dá àpárá, tó tún kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń súfèé. Kò tún sún mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé rẹ̀.

“Ṣé ẹ mọ̀ pé mo sunkún nígbà tíṣẹ́ yẹn parí?” ni aránṣọ wí.

Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí bulọ́ọ̀kù. “Ó yẹ kí n ti sọ fún ẹ. Nígbà tí àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀, wọ́n ní Sátidé kejì niṣẹ́ yẹn ti parí. Arúgbó yẹn ò bẹ̀ wá níṣẹ́ ọgbà. Àwọn fúnra wọn ló lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká ṣe é.”

“Bàbá wa?”

“Bàbá wa ni o.”

Aránṣọ fi etí aṣọ nu ojú.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n sọ pé àwọn ayálégbé tó ń bọ̀ wá gbé ilé náà ní ọmọ wẹ́wẹ́, kò dáa kí wọ́n bá igi náà níbẹ̀. Ó mú ọkọ́, àbúrò di ẹ̀ka mú. Wọ́n ń wú u díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bàbá wọn, kò sì sí èyí tó ń kánjú nínú wọn.