Awò Kan, Ojú Mẹ́rin

3.

... ojú fèrèsé ni awò náà sì máa ń gbà kọjá, torí ẹnu ọ̀nà jìnnà, bíréèkì ò sì pẹ́ rárá. Ọmọbìnrin kíláàsì kẹrin á ká apá awò ojú náà méjèèjì, á fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, á nawọ́ síta. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó wà ní kíláàsì kẹfà, á ti dúró sábẹ́ fèrèsé. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Á gbà á, á fi sójú, á lọ.

Èmi ni olùkọ́ kíláàsì kẹrin. Mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò rí wọn.

4.

Ohun tó wà lọ́nà jíjìn ò ni àwọn ọmọ méjèèjì lára. Wọ́n ń rí pátákó. Wọ́n ń rí ẹyẹ tó bà lórí wáyà iná lódìkejì títì. Èyí tó wà lábẹ́ imú wọn gan-an ló ń sá fún wọn. Lẹ́tà inú ìwé á wú, á pò mọ́ra wọn, orí á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn.

Àwọn oníṣègùn ojú kan wá sí ilé ìwé wa nígbà kan, wọ́n sì fún ẹ̀gbọ́n ní awò lọ́fẹ̀ẹ́. Àbúrò ò wá lọ́jọ́ náà, ibà ló ń ṣe é. Nígbà tó yá, ó gbé awò náà sójú láti fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó wo ìwé, ó rí i pé ọ̀rọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ro ẹjọ́ pé àjọni ni. Ó ro ó fún ìyá rẹ̀, ó ro ó fún mi, ó ro ó fún ẹni tó ń gbá ọgbà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Lọ́yà.

5.

ÌLÀNÀ IṢẸ́ ÒÒJỌ́ (a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri)

Kíláàsì kẹrin: ìwé kíkà, bíréèkì, ìṣirò lórí pátákó.

Kíláàsì kẹfà: ìṣirò lórí pátákó, bíréèkì, ìwé kíkà.

Bí ẹ bá bi ọ̀gá ilé ìwé wa léèrè, á ní bẹ́ẹ̀ náà ló kàn bọ́ sí. Irọ́ ni. Nítorí awò kan ṣoṣo ló ṣe tò ó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi tò ó. Èèyàn dáadáa ni, kò kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

6.

ÌKÉDE LÁTI Ọ́FÍÌSÌ ÌDÁNWÒ
Sí gbogbo ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba

Gbogbo kíláàsì yóò ṣe ìdánwò ní ọjọ́ kan náà, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ dìde lórí ìjókòó kí aago tó lù.

Akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ yá ẹlòmíràn ní ohunkóhun.

Olùkọ́ kò gbọdọ̀ ka ìbéèrè sókè fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ kíláàsì kẹrin tí kò bá yege yóò lọ sí kíláàsì àkànṣe ní ilé ìwé mìíràn.

Ọmọ kíláàsì kẹfà tí kò bá yege kò ní rí àyè ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé girama.

ÌDỌ́GBA NI ÀFOJÚSÙN WA.

7.

Mo ka ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn títí inú fi bí mi. Mo mọ kíláàsì àkànṣe. Ọ̀nà ibẹ̀ jìn, kò sí ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ lọ síbẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó lọ láti ọ̀dọ̀ mi lọ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí wọn lójú títì láàárọ̀, tí wọ́n ru ẹrù.

Mo mọ ilé ìwé girama náà. Ẹni tí kò bá rí àyè ọ̀fẹ́ níbẹ̀, ilé ló ń gbà lọ.

8.

Ohun tí a gbìyànjú:

Awò tèmi. Lọ́yà gbé e sójú, ó ní ilẹ̀ ń dìde bọ̀ wá bá òun. Ó ní òun á pè mí lẹ́jọ́.

Ilé ìwòsàn ojú. Wọ́n dá ọjọ́ fún un. Ọjọ́ náà bọ́ sẹ́yìn ìdánwò.

Kí a fi ọwọ́ da ìbéèrè kọ gàdàgbà-gadagba. Àpò ìwé ìbéèrè wà ní dídè títí alábòójútó á fi dé, òun nìkan ló lè tú u.

Àdúrà. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa èyí.

9.

Ọ̀GÁ ILÉ ÌWÉ: Ẹ káàárọ̀ o. Ọmọ ìyá méjì ló ń lo awò ojú kan níbí. Ṣé kíláàsì kẹfà lè ṣe ìdánwò tiwọn lẹ́yìn bíréèkì?

Ọ́FÍÌSÌ: A ti rí iṣẹ́ yín gbà.

Ọ́FÍÌSÌ: Ìdánwò kan náà, àkókò kan náà, fún gbogbo ọmọ.

Ọ̀GÁ ILÉ ÌWÉ: Awò ńkọ́?

(Wọ́n ti kà á. Wọn ò fèsì.)

10.

(Mo kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì náà. Mo fà á ya. Èébú ló pọ̀ nínú rẹ̀.)

11.

Ní ọ́fíìsì ọ̀gá. Ìyá àwọn ọmọ náà ń fọṣọ ní ilé ìtura kan, ibi iṣẹ́ ló ti wá, ọwọ́ rẹ̀ funfun fún ọṣẹ. Etí àga ló jókòó sí.

Ọ̀GÁ: Ìyá Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó dáadáa.

ÌYÁ: Ó dáa bẹ́ẹ̀, sà. Mo fẹ́ tètè padà ni.

Ọ̀GÁ: Ẹ̀yin lẹ máa sọ ẹni tó máa lò ó lọ́jọ́ náà.

ÌYÁ: Ẹni tí kò bá lò ó, ṣé kò ní lè rí díẹ̀ kà?

OLÙKỌ́: Díẹ̀ ni, mà. Kó tó ka ojú ewé kan tán, àkókò á ti lọ.

ÌYÁ: Tíṣà, tó bá jẹ́ ọmọ yín ńkọ́?

OLÙKỌ́: (ó bọ́ awò tirẹ̀, ó ń nù ún)

ÌYÁ: Kí ẹ̀gbọ́n lò ó. Òun ló kù díẹ̀ kó parí.

Ọ̀GÁ: A gbọ́, mà.

ÌYÁ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Lọ́yà pé èmi ni mo sọ ọ́.

12.

Abẹ́ fèrèsé ọ́fíìsì ni Lọ́yà wà ní gbogbo ìgbà náà.

13.

Ìṣirò ìgbáradì, lórí pátákó: *Ìyá kan ní ọsàn mẹ́jọ. Ó pín in dọ́gba fún ọmọ rẹ̀ méjì. Mélòó ni ọmọ kọ̀ọ̀kan gbà?*

Lọ́jọ́ mìíràn, Lọ́yà ì bá ti nawọ́ sókè. Ì bá ti bi mí pé ìyá náà ńkọ́, ṣé kò ní jẹ nínú rẹ̀ ni, ta sì ni ọmọ tó gba kékeré? Gbogbo kíláàsì ti yíjú sí i, wọ́n ń retí ẹ̀rín.

Ó kọ mẹ́rin. Ó pa ìwé dé.

Ẹ̀rù bà mí.

14.

Ọjọ́ ìdánwò. Alábòójútó tú àpò ìwé. Lẹ́tà inú ìwé ìbéèrè kéré bí èèrà. Àwọn ọmọ dorí kodò, Lọ́yà náà dorí kodò, mo sì ń wo ògiri kí n má baà wò ó.

Nígbà tí mo padà wò ó, ó ti mú nǹkan jáde lápò. Ìdajì awò ni. Ojú kan, apá kan. Ó fi ọwọ́ òsì gbé e sójú, ó di ojú kejì, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé. Kò sí ọwọ́ tó máa di ìwé mú, ìwé wá ń yọ̀ kiri lórí tábìlì.

Mo lọ gbé dọ́sítà mi lé ìwé náà lórí. Nínú gbogbo òfin wọn, wọn ò dárúkọ dọ́sítà.

15.

ALÁBÒÓJÚTÓ: Kí lo gbé sójú yẹn?

LỌ́YÀ: Awò mi ni, sà.

ALÁBÒÓJÚTÓ: Ìdajì rẹ̀ nìyẹn. Ìdajì yòókù ńkọ́?

LỌ́YÀ: Ó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ní kíláàsì kẹfà.

ALÁBÒÓJÚTÓ: Ó yá ọ nìyẹn. Òfin ò gbà á.

LỌ́YÀ: Kò yá mi, sà. Ẹni tó bá yá èèyàn ní nǹkan ṣì máa gbà á padà. Èyí ti ṣẹ́. Kò sí nǹkan tó fẹ́ gbà padà.

ALÁBÒÓJÚTÓ: (ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀) Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ.

Mo bi í ní ohun tó kọ. Ó ní ohun tí òun rí ni òun kọ, ọ́fíìsì ló máa pinnu bóyá wọ́n á ka iṣẹ́ ọmọ náà tàbí wọn ò ní kà á. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó rẹ̀ ẹ́ ni, bàtà rẹ̀ sì ń fún un lẹ́sẹ̀.

16.

Olùkọ́ kíláàsì kẹrin sọ pé òun fẹ́ mu omi. Kò mu omi. Ó lọ dúró sábẹ́ fèrèsé kíláàsì kẹfà, níbi tí ọmọkùnrin náà máa ń dúró sí.

(Èmi náà ni. Ó rọ̀ mí lọ́rùn láti sọ ọ́ báyìí.)

Ọmọkùnrin náà gbé ìdajì tirẹ̀ sójú. Ó jókòó ṣánṣán. Bírò rẹ̀ ń rìn, ó ń fa igi sí ìdáhùn, ìkan tẹ̀ lé ìkan, kò dúró rárá. Ẹni tó bá wò ó láti iwájú á ní ọmọ yìí mọ̀wé.

Ṣùgbọ́n kò wo ìwé. Ó ń wo ìta, ó ń wo fèrèsé kíláàsì kẹrin, níbi tí orí àbúrò rẹ̀ ti hàn. Ọ̀nà jíjìn nìyẹn, ó sì ń rí i dáadáa.

Ojú awò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi gíláàsì fèrèsé; ojú tí wọ́n ní awò ò lè ràn lọ́wọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tó nípọn wà lọ́dọ̀ Lọ́yà.

Ó rí mi. Ó rọra mi orí, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí n má sọ ọ́.

Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí.

17.

ÌBÉÈRÈ. Báwo ni awò náà ṣe ṣẹ́? Ẹ fa igi sí ìdáhùn kan ṣoṣo.

(a) Ọmọkùnrin náà fẹ́ pín in dọ́gba. Kò mọ̀ pé ojú méjèèjì kò rí bákan náà. Èyí tó bá ọwọ́ rẹ̀ ló nà sí àbúrò rẹ̀.

(b) Wọ́n jọ fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ó ṣẹ́, wọn ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni láéláé.

(d) Ó ti gbé ojú kọ̀ọ̀kan wò lórí ìwé kó tó ṣẹ́ ẹ. Ó mọ èyí tó fún un.

(e) Lọ́yà náà mọ̀. Ó gbà á.

18.

Mo fa igi sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

19.

Ọ̀sán ọjọ́ náà. Kíláàsì ti ṣófo. Ìdajì méjèèjì wà lórí tábìlì mi. Àwọn ọmọ náà dúró sẹ́nu ọ̀nà.

ÌYÁ: Tíṣà, àwọn méjèèjì ní tàwọn ló ríran.

OLÙKỌ́: Mo gbọ́, mà.

ÌYÁ: Ẹ̀gbọ́n ní òun kà á já. Àbúrò ní òun kà á já.

OLÙKỌ́: Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ.

ÌYÁ: Èmi ni mò ń fọ awò yìí lálaalẹ́. Ojú kan nípọn, ojú kan ò nípọn. Ìka mi mọ̀ ọ́n.

OLÙKỌ́: (ó fa ìdajì méjèèjì sún mọ́ ara wọn)

ÌYÁ: Ta ló mú èyí tó nípọn?

Mo la ẹnu.

ÌYÁ: Ẹ dúró ná. Ẹ má sọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ bá mi so ó pọ̀.

20.

Mo rí òwú nínú dúrọ́ọ̀ mi. Mo so ó níbi imú, mo tún un so. Ìyá wọn kọjú sí ògiri títí mo fi parí.

Lẹ́yìn náà ó yíjú, ó gba awò náà, ó la apá rẹ̀ méjèèjì. Ó lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé e sókè láàárín àwọn méjèèjì, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, kò mọ ojú ẹni tí òun máa fi sí.