Ọwọ́ Mi Kì Í Ṣe Ọwọ́ Rọ́bà

Àbúrò mi obìnrin, tí mo ń pè ní Ìyá Abẹ́rẹ́, ń kọ́ṣẹ́ dókítà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rọ́bà orí tábìlì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ láti ìgbà tí aláyé ti dáyé. Ọwọ́ rọ́bà kì í sunkún, iṣan rẹ̀ kì í sì í kúrò lójú kan. Nígbà tó wá kan èèyàn ẹlẹ́jẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n débi pé fèrèsé wọ́ọ̀dù ń mì tìtì. Ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan nínú ìdánwò gbígba ẹ̀jẹ̀. Bó bá tún fìdí rẹmi, ó di kó padà lọ bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́.

Ọ̀gá wọn wá ṣòfin tuntun: kí kálukú mú mọ̀lẹ́bí tó bá yọ̀ǹda apá rẹ̀ wá, kí òun sì dúró tì wọ́n. Ta ni yóò lọ bí kò ṣe èmi, tí òrùlé máa ń ṣí nítorí igbe mi bí ẹ̀fọn bá jẹ mí?

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí o."

"Èmi kẹ̀? Òkúta ni mí lónìí."

Ó de okùn mọ́ mi lápá, ó lọ tààrà síbi tí iṣan ọwọ́ rọ́bà máa ń wà, ó sì gún un. Yéè! Mo rí bàbá bàbá mi lọ́run, ó ní kí n fa àga jókòó. Ẹ̀jẹ̀ kankan ò jáde. Mo di eyín pọ̀, torí bí mo bá fi lè ké pẹ́nrẹ́n, ọmọ ìyá mi gba òdo nìyẹn.

"Ṣé ó ń dùn yín?"

"Rárá o. Oorun ló tiẹ̀ ń kùn mí."

Ó wo ojú mi. "Ẹ̀yin tí ẹ jí gbogbo àdúgbò nítorí ẹ̀gún? Irọ́ lẹ ń pa fún mi."

Ó tú okùn, ó yọ abẹ́rẹ́, ó fi òwú tẹ ojú ibẹ̀. Mo ti bayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́! Ọ̀gá kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀.

Ó mú apá kejì, ó ń fi ìka wá iṣan jẹ́jẹ́. "Ẹ máa bá mi sọ̀rọ̀. Bó bá dùn yín, ẹ wí." Ó wá rọra gún un.

"Ó dùn díẹ̀... díẹ̀... ó ti tó o, ìkà!"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ ò sì gbọ̀n mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ya wọnú ìgò bí odò.

"O ti yege," ni ọ̀gá wí.

"Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ ṣì í gún, sà."

"Mo rí i. Ìgbà tó o wojú rẹ̀, tó o rí i pé ó ń dùn ún, ni mo fún ẹ ní máàkì."

Mo wá tú igbe àkọ́kọ́ tí mo pa mọ́ra sílẹ̀. Gbogbo nọ́ọ̀sì sáré wọlé.

"Ẹ má dá wọn lóhùn," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wí, ó ṣì di ọwọ́ mi mú gírígírí. "Bọ̀dá mi ni."